Èpò àti Ọ̀rá Ilẹ̀ Nínú Oko Àgbàdo: Bí A Ṣe Lè Bójú Tó Méjèèjì Pọ̀

Ajílẹ̀ kò mọ ẹni tó ra òun. Bí a bá da á sí oko tí èpò ti kún, gbòǹgbò tó bá kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀ ni yóò fà á mu, gbòǹgbò èpò ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí pé èpò ti wà nínú ilẹ̀ náà kí a tó ronú kan àgbàdo rárá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí oko wọn kò ju hẹ́kítà kan tàbí méjì lọ ló máa ń ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: wọn á ro oko nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, wọn á sì da ajílẹ̀ nígbà tí owó bá wà. Níbi tí ríro oko àti dída ajílẹ̀ bá ti bọ́ sí àkókò kan náà, ajílẹ̀ díẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò ní lè ṣe nínú igbó. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, koríko ni owó ajílẹ̀ náà ń bọ́. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi so méjèèjì pọ̀, láti ìgbà tí a bá ń yẹ ilẹ̀ wò títí di ìgbà tí a bá ti kórè tán.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó mú ọkọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣán ilẹ̀, ó yẹ kí ó rin oko náà já láti igun dé igun, kí ó sì wo ohun tó ń hù níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀kan bá ti gbilẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko sí fún ìgbà pípẹ́, tí iná sì ti jó léraléra. Ibi tí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún bá ti ń hù, tí ewé rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, sábà máa ń jẹ́ ibi tí ọ̀rá ṣì wà, pàápàá ojú ààtàn àtijọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń so ẹran mọ́lẹ̀. Bí a bá rí Striga, ìyẹn èpò àfòmọ́ olódòdó àwọ̀ èsè àlùkò tí ń so mọ́ gbòǹgbò àgbàdo, ó ṣeé ṣe gan-an pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá; a ó padà sórí rẹ̀ níwájú. Ẹ ri igi mọ́ ilẹ̀ fún àmì sí àwọn ibi wọ̀nyí, nítorí pé oko kékeré pàápàá kì í rí bákan náà káàkiri.

Bí ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ bá wà níbi tí ẹ lè dé, ẹ bu ilẹ̀ lọ fún wọn, kí ẹ sì bù ú bó ṣe yẹ. Ẹ bù ú ní ibi 10 sí 15 nínú oko náà, kí ẹ máa rìn ní wọ́gọwọ̀gọ, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ láti ojú ilẹ̀ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ má ṣe bù ú lẹ́bàá ògán, lábẹ́ igi ńlá, tàbí níbi tí wọ́n ti sun nǹkan rí, nítorí pé àwọn ibẹ̀ kì í sọ òtítọ́ nípa ìyókù oko. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú garawa tó mọ́, ẹ sá a sí ibòòji kí ó gbẹ, kí ẹ sì mú ìwọ̀n ìlàjì kílò nínú rẹ̀ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò wò nínú èsì tí wọ́n bá fún yín ni bí ilẹ̀ náà ṣe kan tó, èyí tí wọ́n ń pè ní pH. Àgbàdo máa ń ṣe dáadáa láàárín 5.5 sí 7. Bí ó bá wá sílẹ̀ ju 5.5 lọ, ilẹ̀ náà ti kan jù: alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ a máa ba ẹnu gbòǹgbò jẹ́, ilẹ̀ a sì máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú oúnjẹ àgbàdo, mú, tí àgbàdo kò fi ní rí i lò bí a tilẹ̀ rà á wá. Ẹfun tí a lọ̀ láti ara òkúta ni oògùn ilẹ̀ kíkan. Kí a fọ́n ọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú gbíngbìn, kí a sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀. Kí a má ṣe da ẹfun tàbí eérú pọ̀ mọ́ yúríà, ìyẹn ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, láé, nítorí pé náítírójìn inú yúríà náà yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì fò lọ.

Bí àyẹ̀wò kò bá ṣeé ṣe, ewé àgbàdo fúnra rẹ̀ lè sọ púpọ̀ fún wa, bí a bá mọ ibi tí a ó wò. Àìní náítírójìn máa ń kọ́kọ́ hàn lára ewé ìsàlẹ̀, èyí tó ti dàgbà. Ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀, pípọ́n náà á sì máa gba àárín ewé wá sẹ́yìn, tí etí méjèèjì yóò ṣì wà ní tútù fún ìgbà díẹ̀. Ti pọ̀tásíọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí èyí pátápátá: ewé ìsàlẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n etí ewé ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n tí yóò sì gbẹ dànù, tí àárín yóò ṣì tutù. Bí àgbàdo kékeré bá ń ní àwọ̀ èsè àlùkò létí ewé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kò rí tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù àti omi tó dúró sí ìdí gbòǹgbò náà lè mú irú rẹ̀ wá fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ewé tuntun bá yọ pẹ̀lú ìlà fífẹ̀ tó funfun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àárín ewé, síǹkì ló dín. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ràn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣán oko, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sun ún

Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sun oko. Iná yá, kò gba owó, ojú ilẹ̀ á sì mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí pòròpórò àti koríko bá ń jó, náítírójìn àti súfúrù inú wọn á bá èéfín lọ sójú ọ̀run. Eérú tó kù ní pọ̀tásíọ́ọ̀mù àti kálísíọ̀mù lóòótọ́, àmọ́ òjò ńlá kan ṣoṣo tó láti wọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ oko. Lẹ́yìn náà, ojú ilẹ̀ yóò wà ní ìhòòhò, oòrùn yóò sì máa pa á, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìhòòhò ni èpò fẹ́ràn jù. Bí a bá ṣán koríko tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín ipa tí a ó gbin àgbàdo sí, yóò bo ojú ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ irúgbìn èpò kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀ tí yóò jí wọn. Koríko tó ti gbó, tó sì ti ní irúgbìn lórí, ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀. Ẹ kó o lọ sí orí òkìtì kọ́ńpóòsì, ìyẹn ewé àti ìgbẹ́ tí a kó jọ kí ó jẹrà.

Ẹ̀kan nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé àdá kì í pa á. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí rẹ̀ kan wò: lábẹ́ ilẹ̀, ẹ óò rí ọ̀pá funfun tó ní oríkèé-oríkèé, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú débi pé ó lè gún iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ já. Oríkèé kan ṣoṣo tó bá kù sínú ilẹ̀ tó lọ́rinrin lè tún hù. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣán ẹ̀kan lónìí tó sì gbin àgbàdo lọ́la, ńṣe ló kàn gé irun rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni kí a gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì yí ọ̀pá náà síta kí oòrùn lè gbẹ ẹ́ pátápátá. Ọ̀nà mìíràn ni kí a ṣán an, kí a jẹ́ kí ewé tuntun yọ dáadáa, kí a wá fín oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní glyphosate sí ewé tútù náà, nítorí pé ewé ni oògùn yìí ń gbà wọlé kí ó tó dé ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Òjìji ni ẹ̀kan kórìíra jù, nítorí náà, bí ibi kan bá ti burú jù, ẹ gbin mùkúnà tí kì í yún ara síbẹ̀ fún sáà kan, kí ìtàkùn rẹ̀ bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Sáà kan tí a kò fi gbin àgbàdo síbẹ̀ kò pàdánù, nítorí pé mùkúnà náà yóò fi náítírójìn sílẹ̀ fún àgbàdo tó ń bọ̀.

Fún èpò oní-irúgbìn lásán, ọgbọ́n kan wà tí kò gba owó rárá. Ẹ tún ilẹ̀ ṣe tán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀. Èpò tó wà lójú ilẹ̀ yóò hù. Ẹ wá fi ọkọ́ ha wọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀ lójú ilẹ̀, láì yí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, kí ẹ sì gbin àgbàdo lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tún kọ ilẹ̀ jinlẹ̀ nígbà náà, irúgbìn mìíràn tí ń sùn nísàlẹ̀ ni ẹ óò gbé wá sókè. Níbi tí àkókò òjò bá ti kúrú, kí ẹ má ṣe dúró pẹ́ jù, nítorí pé àgbàdo tó pẹ́ kí a tó gbìn ín lè pàdánù ju ohun tí èpò lè mú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gbìn ín lọ́nà tí àgbàdo yóò fi bo ilẹ̀

Ewé àgbàdo ni olùrànlọ́wọ́ tó dára jù lọ fún ẹni tó ń ro oko. Bí ipa àgbàdo bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75 síra wọn, tí ihò sí ihò sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 pẹ̀lú àgbàdo kan nínú ihò, tàbí 50 pẹ̀lú méjì, hẹ́kítà kan yóò ní bí 53,000 àgbàdo. Ẹ ta okùn kí ipa lè tọ́. Ihò tí kò bá hù jẹ́ fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ fún èpò, nítorí náà ẹ tún un gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí ẹ bá gbìn kò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀wà tàbí sóyà tí a gbìn sáàárín ipa náà tún máa ń bo ilẹ̀, ó sì dára púpọ̀, àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìsinsìnyí bóyá ẹ óò lo oògùn apakoríko tàbí ẹ kò ní lò ó. Atrazine, oògùn apakoríko tí kì í ṣe àgbàdo ní nǹkan kan, lè pa ẹ̀wà àti sóyà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ro oko kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó kọjá

Bí ohun kan bá wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lò lónìí, òun ni èyí. Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn gbíngbìn títí dé ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkeje ni èpò máa ń ba àgbàdo jẹ́ jù lọ. Ní àkókò náà ni àgbàdo ń pinnu bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ga tó láti fi òjìji bo ẹnikẹ́ni. Èpò tó bá jẹun pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà ti jẹ èyí tí kò lè padà; bí a bá wá ro oko náà mọ́ tónítóní ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ojú oko yóò dára, ṣùgbọ́n ọmọ àgbàdo kò ní tóbi mọ́. Àwọn tó ń dúró kí èpò ga tó láti rí lókèèrè kí wọ́n tó ro ó ti pẹ́ jù.

Ìgbà tí èpò rọrùn jù lọ láti pa ni ìgbà tí a kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Bí ó bá tó nǹkan bí ọjọ́ 10 lẹ́yìn gbíngbìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ipa méjì, kí ẹ sì fi ìka ha ojú ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ óò rí èèhù èpò tó funfun fínnífínní bí òwú, tí kò tíì ní ewé méjì. Ọkọ́ tí a bá kàn fà kọjá lójú ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn yóò mú ti pa wọ́n tán. Bí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin, agbára tí a ó fi wú ìdí kan ṣoṣo yóò pọ̀ ju èyí tí ìbá ti tó fún ogójì wọn lọ.

Ríro àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ríro kejì sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Kí ọkọ́ má wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí márùn-ún lọ, pàápàá nígbà kejì, nítorí pé gbòǹgbò àgbàdo ti nà dé àárín ipa nígbà náà, ẹni tó bá ń kọ ọ́ jinlẹ̀ ń gé ẹnu tí àgbàdo fi ń jẹun. Ẹ má ṣe ro oko nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì rin ṣìnkìn. Èpò tí a wú yóò tún ta gbòǹgbò kí ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn tí ọ̀pá wọn ní omi, tí oríkèé wọn sì ń ta gbòǹgbò níbikíbi tó bá ti kan ilẹ̀, kí ẹ kó wọn jáde kúrò nínú oko pátápátá. Ní ti dandá, ọkọ́ a máa fọ́n kókó rẹ̀ ká ni. Kí a máa gé e lemọ́lemọ́ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì kéré, kí ó má baà rí oúnjẹ rán padà sí kókó náà, kí a sì jẹ́ kí òjìji àgbàdo parí ìyókù.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ gbogbo èyí, àìsí ọwọ́ ló ń dá wọn dúró. Ìmọ̀ràn mi lórí ìyẹn kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n mo dúró lé e lórí: kí a má ṣe gbin ju ibi tí a lè ro tán kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí lọ. Ẹ wo iye ibi tí ẹ̀yin àti àwọn tó ń ràn yín lọ́wọ́ lè ro lọ́jọ́ kan, ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì yọ díẹ̀ kúrò fún ọjọ́ òjò. Ibi tí ìṣirò náà bá pin sí ni kí oko àgbàdo yín pin sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbin jù bẹ́ẹ̀ lọ lè pín oko sí ọ̀nà méjì, kí ó fi bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá sáàárín gbíngbìn apá kìn-ín-ní àti ìkejì, kí iṣẹ́ ríro má baà pàdé lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ajílẹ̀ tọ ipasẹ̀ ọkọ́

Tọ́ọ̀nù kan ọmọ àgbàdo tó gbẹ máa ń kó nǹkan bí kílò 15 náítírójìn jáde kúrò nínú oko. Ohun tó bá ti lọ gbọ́dọ̀ padà láti ibì kan. Ìgbẹ́ ẹran àti kọ́ńpóòsì ló ń tún ara ilẹ̀ ṣe, tí ó fi ń di omi mú tí ó sì ń rọ̀. Ajílẹ̀ inú àpò ló ń tètè fún àgbàdo ní oúnjẹ. Èyí tí mo gbà gbọ́ ni kí a lo méjèèjì, nítorí pé ilẹ̀ tí kò ní nǹkan jíjẹrà nínú kì í lè di ajílẹ̀ inú àpò mú, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tó ní ewúrẹ́ mẹ́rin kò lè rí ìgbẹ́ tó fún gbogbo oko rẹ̀.

Tọ́ọ̀nù márùn-ún ìgbẹ́ tó ti jẹrà fún hẹ́kítà kan jẹ́ ìwọ̀n tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá bù ú sí ihò dípò kí a fọ́n ọn káàkiri, tí ihò sí ihò sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, yóò tó bí gíráàmù 190 fún ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ẹ̀kúnwọ́ méjì. Kí ìgbẹ́ má ṣe jẹ́ tútù. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù lè jó èèhù, ìgbẹ́ màlúù àti ti ewúrẹ́ sì máa ń kún fún irúgbìn koríko tí ẹran náà jẹ. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú pòròpórò àti ewé, kí òkìtì náà ga tó mítà kan, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sí i kí ó tutù díẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá irin kan bọ àárín rẹ̀, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan: bí ó bá gbóná débi pé ẹ kò lè di ẹnu rẹ̀ mú pẹ́, ó ti ń súnmọ́ ìwọ̀n ooru 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ń pa ọ̀pọ̀ irúgbìn èpò. Ẹ máa yí i padà kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sí àárín, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kì í gbóná tó.

Ní ti ajílẹ̀ inú àpò, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní a fẹ́ fún hẹ́kítà kan ní kílò 60 náítírójìn. Àpò mẹ́rin NPK 15-15-15 (ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ́ọ̀mù, tí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náítírójìn), tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50, ní kílò 30 náítírójìn nínú. Yúríà jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn, nítorí náà kílò 65 rẹ̀ yóò fún wa ní 30 tó kù. Bí ihò bá jẹ́ bí 26,700 pẹ̀lú àgbàdo méjì-méjì, ìhò kọ̀ọ̀kan yóò gba gíráàmù méje ààbọ̀ NPK, yóò sì gba gíráàmù méjì ààbọ̀ yúríà. Láti mọ èyí láì gbé òṣùwọ̀n lọ sóko, ẹ wá ìdérí ìgò kan, ẹ bu ajílẹ̀ náà kún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wọ̀n ọ́n nílé, kí ẹ sì fi mẹ́wàá pín in. Ẹ ṣe ti NPK lọ́tọ̀ àti ti yúríà lọ́tọ̀, nítorí pé ìwúwo wọn kò dọ́gba.

NPK ni a ń lò nígbà gbíngbìn tàbí láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kékeré ló sì nílò rẹ̀ jù. Kí ó má ṣe fara kan irúgbìn. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ, kí ẹ dà á síbẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Yúríà yóò dúró di ìgbà tí àgbàdo bá ga dé orúnkún, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ìgbà tí ebi náítírójìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á gidigidi. Ìgbà náà gan-an ni ríro kejì. Ẹ ro ipa kan mọ́, ẹ da yúríà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọ́ ilẹ̀ bo ìdí àgbàdo lójú kan náà. Ilẹ̀ tí ẹ wọ́ yìí bo yúríà mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò lọ sínú afẹ́fẹ́, ó tún sin èpò kéékèèké tó wà nídìí àgbàdo níbi tí ọkọ́ kò lè dé, ó sì ń gbé àgbàdo dúró kí atẹ́gùn má wó o. Iṣẹ́ mẹ́ta ló parí lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ oníyanrìn, ẹ pín yúríà sí ọ̀nà méjì, kí ẹ fún un ní ìdajì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìdajì tó kù ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje. Ẹ má ṣe dà á sí ilẹ̀ tó gbẹ táútáú, ẹ má sì ṣe dà á nígbà tí òjò ńlá bá ti ń ṣú bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn apakoríko

Oògùn apakoríko wúlò níbi tí ọwọ́ kò bá tó, àmọ́ ìwọ̀n ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ìdérí agolo kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ bu omi lásán sínú ẹ̀rọ ìfín, ẹ wọn ibi tó jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú àti mẹ́wàá lóròó, kí ẹ sì fín ín pẹ̀lú ìrìn tí ẹ máa ń rìn. Ká ní lítà méjì ló lọ síbẹ̀: hẹ́kítà kan yóò gba lítà 200. Bí ẹ̀rọ yín bá ń gba lítà 16, ẹ̀rọ méjìlá ààbọ̀ nìyẹn. Bí ìwé ara agolo bá ní kí a lo lítà mẹ́rin fún hẹ́kítà kan, ẹ fi méjìlá ààbọ̀ pín in, yóò jẹ́ mílílítà 320 fún ẹ̀rọ kan.

Glyphosate ń pa gbogbo ewé tútù, àgbàdo pẹ̀lú, nítorí náà kí àgbàdo tó hù ni ìgbà rẹ̀. Atrazine ni a ń fín sí ilẹ̀ tó lọ́rinrin láìpẹ́ lẹ́yìn gbíngbìn. Kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ odò tàbí kànga, nítorí pé ó máa ń wọ inú omi, ìdí pàtàkì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò fi gbà á láàyè mọ́ nìyẹn. Paraquat ni kí ẹ yẹra fún pátápátá. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin dè é, kò sí ẹ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kún ẹnu kan. Ẹ wọ bàtà tó ga, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ má ṣe fín in nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ padà sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fi omi ṣan agolo tó ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì lu agolo náà kí ẹnikẹ́ni má baà bu omi mímu sínú rẹ̀.

Striga: èpò tí ebi ilẹ̀ ń bọ́

Ìpalára Striga ti ṣẹlẹ̀ kí a tó rí i lójú ilẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, ó sì lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ohun tí ń jí i ni oje kan tí gbòǹgbò àgbàdo ń tú jáde, àgbàdo tí kò rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn tó sì máa ń tú oje náà jáde ju èyí tó yó lọ. Nígbà tó bá jí, yóò so mọ́ gbòǹgbò, yóò sì máa fa omi àti oúnjẹ mu lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá rí àgbàdo tó ń rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nígbà tí ilẹ̀ sì tutù, ẹ rọra gbẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi omi fọ gbòǹgbò náà, ẹ ó sì rí èèhù funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fa gbogbo èyí tó bá yọ kí ó tó tan òdòdó, nítorí pé ìdí kan ṣoṣo lè ní irúgbìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Èyí tó bá ti tan òdòdó, ẹ kó o jáde, kí ẹ sì sun ún. Ibí yìí nìkan ni mo ti fara mọ́ iná. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin sóyà, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà síbẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Gbòǹgbò wọn lè jí irúgbìn Striga, ṣùgbọ́n kò ní rí ibi so mọ́, yóò sì kú. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ICIPE ní orílẹ̀-èdè Kenya, pẹ̀lú àwọn ti ilé ìwádìí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún fi ewéko kan tí wọ́n ń pè ní desmodium hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè gbìn sáàárín ipa àgbàdo: ó ń bo ilẹ̀, ó ń fi náítírójìn sí i, oje gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí Striga rí gbòǹgbò àgbàdo so mọ́. Bí irúgbìn àgbàdo tó lè fara da Striga bá wà lọ́jà, kí a rà á, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ajílẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣá, Striga yóò padà.

Lẹ́yìn ìkórè

Lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti yọ irùkẹ̀rẹ̀, èpò tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ dín èrè rẹ̀ kù mọ́, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ni ìṣòro ọdún tó ń bọ̀. Ìdí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kan lè fọ́n irúgbìn tó ju 100,000 lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó kórè, ẹ rin oko já lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fa èyí tó bá ń so.

Ẹ fi pòròpórò sílẹ̀ lójú ilẹ̀. Púpọ̀ nínú pọ̀tásíọ́ọ̀mù tí àgbàdo fà mu wà nínú rẹ̀. Bí ẹran bá gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀, kí ìgbẹ́ wọn padà wá sóko. Sáà tó tẹ̀ lé e, ẹ gbin sóyà tàbí ẹ̀wà sí apá kan. Ní ìgbà tí ó bá ń tan òdòdó, ẹ gbẹ́ ìdí kan jáde, kí ẹ wá kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò, kí ẹ sì fi èékánná gé ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sílẹ̀. Bí ó bá funfun tàbí tó dúdú, wọn kò ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ní láti ṣèwádìí bóyá ilẹ̀ kan jù tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló dín. Níkẹyìn, ẹ ṣí ìwé kékeré kan fún oko náà, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn, ọjọ́ tí ẹ ro ó, iye ajílẹ̀ tí apá kọ̀ọ̀kan gbà àti iye àpò tó ti ibẹ̀ jáde, kí ìwọ̀n ajílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ lè wá láti inú ohun tí oko yín fúnra rẹ̀ sọ.